Olùkọ́ Tí Àwẹ̀ró Yàn Nílùú Amárale

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹni tó ń ṣẹ́ àgbàdo kó máa ṣẹ́ ẹ lọ. Etí ni mo fẹ́ yá lọ́wọ́ yín, n kò yá ọwọ́. Èmi Ọdẹ́gbàmí tí ẹ ń wò yìí, tí eyín mẹ́rin péré ṣẹ́kù sí lẹ́nu, mo ti pàdé ẹfọ̀n rí lójú ọ̀nà tí kò gba ẹni méjì, ẹfọ̀n ló sì yà fún mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi ẹfọ̀n náà léèrè.

Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe ti agbára mi. Ti àbúrò mi ni, Àwẹ̀ró, ọmọ ìyá mi. Èmi kàn tẹ̀ lé e lọ ni, mo sì tẹ̀ lé e bọ̀. Ibì kan tilẹ̀ wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Màá sọ ìyẹn náà, nítorí àgbà tó ń ròyìn ọ̀nà tí kò dárúkọ ibi tó ti ṣubú, irọ́ ló dì sápò.

Nígbà náà, ìlú Ìsàlẹ̀-Àpáta ni à ń gbé. Omi kan ń sun lábẹ́ àpáta náà, ó tutù, ó mọ́ lóló, òun ni gbogbo ìlú ń mu. Ìwin kan ló ni omi ọ̀hún, Olómi-Kì-Í-Rẹ́rìn-ín lorúkọ rẹ̀. Ewédò ló bo ara rẹ̀ bí aṣọ, omi a sì máa kán tó, tó, tó nímú rẹ̀ nígbà gbogbo. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ wá: kí a má ṣe rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi òun. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, a ní a ti gbọ́. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, a ní a ti gbọ́. Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀gẹ́ wà nínú omi náà bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ni omi bá dá wáí, bí ìgbà tí ènìyàn dé ìkòkò.

Olómi gun orí àpáta lọ, ó sì fọhùn, gbogbo ìlú gbọ́. Ó ní òun ti fi òkúta kan dí ojú omi. Ẹni tó bá lè gbé òkúta náà láti ìsàlẹ̀ dé téńté àpáta, kí omi inú ìkòkò oníhò òun tó kán tán, ẹni náà ló ṣí omi fún ìlú. Ẹni mẹ́ta péré lòun yóò gbà, kí wọ́n wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kùnà, òun yóò kó omi òun lọ sí ìlú mìíràn, ibi tí wọ́n ti létí.

Ọ̀kánlàwọ́n ló kọ́kọ́ jáde, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sáré jíṣẹ́ fún ọba. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí ẹsẹ̀ ẹtu. Ṣùgbọ́n òkúta yẹn wúwo tó àgbò ńlá kan àtọmọ rẹ̀. Kò tíì rìn tó ogójì ìṣísẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ fi yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kejì ni Ọ̀jẹ́lékè alágbẹ̀dẹ, ọkọ Àwẹ̀ró. Òun gbé òkúta bí ẹni gbé igbá àkàrà. Àbùkù tirẹ̀ ni pé kò mọ eré sá. Nígbà tó rí i pé omi ìkòkò ti dín sí ìdajì, àyà rẹ̀ já, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú lórí ibi tí àpáta ti dá gbọ̀ngbọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Òkúta lọ sápá kan, Ọ̀jẹ́lékè lọ sápá kejì, ìbàdí rẹ̀ sì dún kò! bí igi gbígbẹ. Láti ọjọ́ náà, orí ẹní ló ń gbé. Oníṣègùn eegun tọ́jú rẹ̀ títí, ó ní eegun ti jinná, kó máa gbìyànjú àtidìde. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń fi agbára rẹ̀ yangàn tẹ́lẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i níbi tó ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

Ó wá ku ẹnì kan. Olómi ní òun fún wa ní oṣù márùn-ún, títí ọyẹ́ yóò fi lọ. Àwọn ọkùnrin ìlú wa bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Èmi náà wo ilẹ̀, n kò ní parọ́ fún yín. Àwọn obìnrin wa sì ń rìn láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán lọ pọn omi lódò Ẹ̀rìn.

Níbi ìpàdé ni Àwẹ̀ró ti dìde. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, èmi ni màá ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta."

Bàbá kan ní, "Obìnrin kẹ̀? Ohun tó ṣẹ́ ọkọ rẹ níbàdí?"

Ó ní, "Bàbá, láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń ru omi. Ta ló ru ẹrù gun òkè jù mí lọ nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí? Agbára tí mo ní kò tó, mo mọ̀. Eré tí mo lè sá kò tó, mo mọ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún wà. Wọ́n ní ìlú kan wà lẹ́yìn Igbó Ẹlẹ́nu tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn ní agbára àti eré. Ẹ jẹ́ kí n lọ wá olùkọ́."

Àwọn àgbà ní kó máa lọ. Mo bá gbé ìbọn mi kọ́ èjìká, mo ní èmi yóò sìn ín lọ.

Nígbà tó ń dágbére fún ọkọ rẹ̀, Ọ̀jẹ́lékè di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Àwẹ̀ró, má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di irú èmi." Ọ̀rọ̀ yẹn ni àbúrò mi gbé wọ igbó.

Ìrìn wa nínú igbó kì í ṣe ohun tí à ń rò tán. Igbó tí àwọn igi rẹ̀ ń kí ara wọn ni, bí ọ̀kan bá sín, àwọn yòókù a ní pẹ̀lẹ́. Ní ẹnu ibodè rẹ̀ ni a ti bá ìwin ẹlẹ́nu mẹ́ta kan. Ẹnu kìn-ín-ní ń béèrè ọ̀rọ̀, ẹnu kejì ń rẹ́rìn-ín, ẹnu kẹta ń jẹ iṣu sísun. Ẹnu tó ń béèrè ní, "Ẹni tó bá mọ èyí ló ń kọjá. Kí ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò bù kún, tí kò sì tóbi sí i, síbẹ̀ tó ń wúwo sí i bí ọ̀nà bá ṣe ń jìn?"

Èmi tí mo ti yìnbọn pa ìkookò nínú òkùnkùn, mo fò síwájú, mo ní, "Ìbọn mi ni!"

Ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín rín ẹ̀rín títí iṣu fi há ẹnu tó ń jẹun. Àfìgbà tí mo gbá a lẹ́yìn.

Àwẹ̀ró rò ó díẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá ń ru omi bọ̀ láti odò, omi kì í pọ̀ sí i lójú ọ̀nà, ó tilẹ̀ ń dà sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà ilé, ó máa ń wúwo ju bó ṣe wà létí odò lọ. Kì í ṣe omi ló ń wúwo. Ara mi tó ti rẹ̀ ni."

Ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwin náà yà kúrò lọ́nà, ó sì bu iṣu díẹ̀ fún àbúrò mi. Kò bu fún mi.

Báyìí ni a ṣe dé ìlú Amárale. Ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Ọ̀nà gbọọrọ kan ni, igi tò lọ́tùn-ún lósì, abẹ́ igi kọ̀ọ̀kan ni ìwin olùkọ́ kan dúró sí, tó ń kígbe pe ènìyàn. Ọ̀kan ń pariwo pé òun a máa fi òjò ọ̀gànjọ́ kọ́ ènìyàn. Òmíràn ní òun ò béèrè ju kí ènìyàn dorí kodò fún oṣù kan lọ. Ariwo wọn ju ti ẹyẹ ẹ̀ga lọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ dá wa dúró ni Ìjì-Ẹsẹ̀. Itan rẹ̀ gùn, kò sì lè dúró lójú kan, ńṣe ló ń ta pọ́npọ́n bí ẹ̀gúsí nínú agbada. "Ọjọ́ mẹ́ta péré!" ni ó ń kígbe. "Bí o bá wọlé bí ìgbín, wàá jáde bí àgbọ̀nrín!"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ta ló ti fara pa lábẹ́ ẹ̀kọ́ yín rí?"

"Kò sí!" ni Ìjì-Ẹsẹ̀ dáhùn. "Kò sí ẹyọ ẹnì kan!"

Àbúrò mi dúpẹ́, ó sì ń kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ náà yà mí lẹ́nu. Mo ní, "Àwẹ̀ró, ọjọ́ mẹ́ta ló wí. Oṣù márùn-ún wo la tún ń wá?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ó bá wù yín, ẹ kọ́ ọ."

Ó wù mí. Láti kékeré ni ọ̀nà àbùjá ti máa ń dùn mọ́ mi. Mo wọlé. Ìjì-Ẹsẹ̀ fi okùn so ìbàdí mi mọ́ ti àgbọ̀nrín kan, ó sì gbá àgbọ̀nrín létí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọjọ́ kìn-ín-ní, mo sáré. Apá kan, mo fẹsẹ̀ sá a, apá kan, mo fi àyà wọ́ ọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, itan mi méjèèjì ti le gbandi bí odó. N kò lè bẹ̀rẹ̀, n kò lè lóṣòó. Kí n tó lè ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, igi ni mo dì mú, tí mo ń pe orúkọ àwọn baba ńlá mi níkọ̀ọ̀kan. N kò dúró de ọjọ́ kẹta. Mo gé ọ̀pá, mo sì ń tiro tẹ̀ lé àbúrò mi.

Mo bá a níwájú àtíbàbà Apá-Ìrókò. Ìwin yẹn fẹ̀ ju ilẹ̀kùn ààfin lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wú débi pé ọrùn wọn ti wọ inú èjìká lọ. Bí ọ̀kan bá fẹ́ họ ẹ̀yìn, ẹni méjì ló ń bá a họ ọ́. Odó ni wọ́n ń gbé láti òwúrọ̀ dé alẹ́, lójoojúmọ́.

Àwẹ̀ró tún bèèrè, "Ta ló ti fara pa lábẹ́ ẹ̀kọ́ yín rí, Bàbá?"

"Lọ́dọ̀ tèmi? Láéláé!"

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ìró kan ń ti ẹ̀yìn àtíbàbà wá: yéè, yéè, yéè. Àwẹ̀ró ní, "Àwọn wo ló ń kérora yẹn?"

Apá-Ìrókò ní, "Orin ni wọ́n ń kọ."

Báyìí ni a ṣe ń lọ láti abẹ́ igi dé abẹ́ igi. Olùkọ́ mẹ́tàlá ni àbúrò mi bi ní ìbéèrè kan náà, àwọn mẹ́tàlá ló ní kò sí ẹni tó fara pa rí. Ó ti ń rẹ̀ mí. Mo ti ń rò ó pé kí a padà sílé kí n lọ máa tọ́jú itan mi.

Ìjà ni ìkẹrìnlá ń jà nígbà tí a débẹ̀. Ìwin kúkurú kan ni, etí rẹ̀ tóbi, orí orúnkún ni ojú rẹ̀ méjèèjì wà, adìẹ aládùúgbò rẹ̀ ló sì ń lé kiri nítorí pé ó jẹ irúgbìn ata rẹ̀. Òṣùwọ̀n lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó rí wa, ó jágbe mọ́ wa pé, "Kí lẹ fẹ́? Bí ọjọ́ mẹ́ta lẹ ń wá, ẹ padà sọ́dọ̀ jàgùdà yẹn!"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Ẹ máa bínú, Bàbá. Ta ló ti fara pa lábẹ́ ẹ̀kọ́ yín rí?"

Ìwin náà dẹ́kun eré. Ó gbàgbé adìẹ. Ó jókòó lórí òkúta, ó sì yọ okùn kan lọ́rùn. Kókó méje ló wà lára okùn náà.

"Méje," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Èyí ni Adétibà. Iṣan itan rẹ̀ já. Kò sùn lóru ọjọ́ tó ṣáájú, ó sọ fún mi, mo ní kó gbé ẹrù bẹ́ẹ̀. Èyí ni Mosebọ́látán. Orúnkún. Mo rí i pé ó ń gbé ẹsẹ̀ òsì jẹ́jẹ́, mo rò pé ìmẹ́lẹ́ ni. Èyí..." Ó fi àtàǹpàkò ra kókó kẹta títí, kò lè dárúkọ ẹni náà. "Eré ló ń sá. Mo ní kó tún sá ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré sí i ni."

Ó ń ka àwọn yòókù lọ. Nígbà tó ka gbogbo wọn tán, omi ti ṣàn dé ojúgun rẹ̀, nítorí orí orúnkún ni ojú rẹ̀ wà.

Àwẹ̀ró yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀dọ̀ ẹni yìí ni màá kọ́."

Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Orí rẹ pé? Ẹni mẹ́tàlá ní àwọn kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, ẹni tó ṣe méje léṣe lo yàn?"

Ó ní, "Àwọn mẹ́tàlá yẹn ṣe ènìyàn léṣe, wọn ò wo ẹ̀yìn ni. Ẹ̀yin náà ń tiro lẹ́nu ìloro wọn. Ẹni yìí mọ orúkọ wọn. Ó mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ó mọ ohun tó fà á. Bí ọkọ mi bá ti rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ, kì bá tí kánjú lórí àpáta."

Mo gbà fún un. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, n kò ní dárúkọ ìlú tí wọ́n fi dá.

Iṣẹ́ ni Òṣùwọ̀n gbà lọ́wọ́ wa: èmi ni yóò máa ro oko iṣu rẹ̀ títí ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Ẹ wò mí dáadáa, ọdẹ tí erin ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, mo fi oṣù mẹ́rin kọ ebè fún ìwin.

Kí ó tó kọ́ Àwẹ̀ró ní ohunkóhun, ó bi í ní ohun tí kò sí ẹni tó bi í nínú àwọn tó kù. Ó ní, "Kí ni ohun náà gan-an tí o fẹ́ ṣe?" Àwẹ̀ró sọ bí òkúta ṣe wúwo tó. Ó sọ bí òkè ṣe gùn tó: igba ìṣísẹ̀ ó lé ogójì, òun fúnra rẹ̀ ló kà á, ọgọ́ta tó wà láàárín ló sì dá gbọ̀ngbọ̀n jù. Òṣùwọ̀n gbọn etí. Ó ní kó jókòó sílẹ̀ kó dìde, kó jókòó kó dìde. Ó fi ojú orúnkún rẹ̀ wò ó láti iwájú, ó wò ó láti ẹ̀yìn.

Ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ lágbára. Ẹ̀yìn rẹ ni kò tíì tó. Eré ilẹ̀ títẹ́jú kò wúlò fún ọ, òkè lo ó sá. A ó sì fi ọjọ́ ìsinmi sí i, ọjọ́ iṣẹ́ sì ni ìsinmi jẹ́ lọ́dọ̀ tèmi. Inú oorun ni ara ti ń mọ odi rẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Lọ́jọ́ agbára, yóò lóṣòó, yóò gbé apẹ̀rẹ̀ iyanrìn dìde lẹ́ẹ̀marùn-ún, yóò sinmi títí mímí rẹ̀ yóò fi balẹ̀, yóò tún ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Òṣùwọ̀n á bu ahá iyanrìn kan kún un, ahá kan péré. Lọ́jọ́ eré, yóò sáré gun òkè kúkurú kan bí ẹni tí ejò ń lé, yóò rọra rìn sọ̀kalẹ̀, kò sì ní tún un sá àyàfi bó bá lè kọ orin kan parí láìjá èémí. Lọ́jọ́ kẹta, yóò jẹ ẹ̀wà àti ẹja, yóò sì sùn. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin, Òṣùwọ̀n á dín gbogbo rẹ̀ kù sí ìdajì. Ó máa ń dùn mí láti rí i. Èmi ń làágùn lóko, àbúrò mi ń sùn lọ́sàn-án gangan!

Oṣù méjì kọjá báyìí. Ni lékèélékèé kan bá bà lé orí ebè mi lọ́jọ́ kan. Mo bi í níbi tó ti ń bọ̀, ó ní Ìsàlẹ̀-Àpáta ni. Ó ní odò Ẹ̀rìn ti ń gbẹ, àwọn obìnrin ń fi ọwọ́ gbẹ́ iyanrìn kí wọ́n tó rí omi bu. Ó ní àwọn aboyún ń mu omi pípọ́n.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí mo ti ṣubú nìyí. Ọkàn mi gbóná. N kò sọ fún Òṣùwọ̀n. Mo lọ bá Àwẹ̀ró lábẹ́ igi tó sùn sí, mo ní, "Àwọn ènìyàn ń kú lọ nílé, ìwọ ń sùn. Ahá kan lọ́sẹ̀ kò lè tán an. Dìde." Ó wo ojú mi. Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé náà sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ó dìde. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi bu ahá mẹ́rin kún apẹ̀rẹ̀. Mo ní kó gbé e sáré. Ọjọ́ kejì náà, bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, mo rí i tó dá dúró láàárín òkè, tó rọra gbé ẹrù sílẹ̀, tó sì di ojúgun rẹ̀ mú. Kò ké. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan kan ti fà níbí."

Òṣùwọ̀n dé. Ó fi ojú rẹ̀ sún mọ́ ẹsẹ̀ náà, ó wò ó títí. Kò bá Àwẹ̀ró wí. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ta ló bu iyanrìn kún un?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó yọ okùn rẹ̀ lọ́rùn. Ó mú ibi tó tẹ̀ lé kókó keje, ó ká a, ó ku kó fà á pọ̀. Ẹ gbọ́, mo ti dúró níwájú ẹkùn rí, ẹ̀rù kò bà mí tó ti ọjọ́ yẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ebè. Mo ní, "Bàbá, ẹ má so ó."

Ó wo ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní, "Màá dúró wò ó ná." Ó tú okùn, ó sì dá a padà sọ́rùn.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Àwẹ̀ró kò gbé ohunkóhun. Èmi ni mo ń gbé omi kaná, tí mo ń fi aṣọ jó o lẹ́sẹ̀ láràárọ̀. Lọ́jọ́ kejìlá, Òṣùwọ̀n ní kó máa rìn. Nígbà tí wọ́n tún gbé apẹ̀rẹ̀, ahá mẹ́fà ló yọ kúrò nínú iyanrìn. Àwẹ̀ró wo iyanrìn tí wọ́n dà nù, omi lé ròrò sí i lójú, ṣùgbọ́n ó lóṣòó, ó gbé èyí tó kù. Ara kì í gbàgbé iṣẹ́ tí a ti ṣe sí i lára. Nígbà tí oṣù kẹrin parí, ó ń gbé apẹ̀rẹ̀ tó wúwo ju òkúta Olómi lọ, ó sì ń gbé e gun òkè láìmí hẹlẹ. Òṣùwọ̀n bá wa dé ibodè. Okùn ọrùn rẹ̀ kò ju kókó méje lọ. Ó ní, "Máa lọ," ó sì padà lọ bá adìẹ aládùúgbò rẹ̀ jà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò, gbogbo ìlú tò sí ẹsẹ̀ àpáta, ètè wọn ti gbẹ. Olómi gbé ìkòkò oníhò rẹ̀ kọ́ ẹ̀ka, ó bu omi kún un, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Àwẹ̀ró kò fò mọ́ òkúta. Ó lóṣòó, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tààrà, ó fa òkúta mọ́ àyà, ó sì dìde bí ẹni tó dìde lórí àpótí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kì í ṣe eré tí ń fọ́n eruku. Eré tí ẹsẹ̀ mọ ibi tó ń tẹ̀ ni. Àádọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ kọjá. Ó wọ ibi gbọ̀ngbọ̀n yẹn, ibi tí ọkọ rẹ̀ ti ṣubú, ó rọra gé ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú, ó gùn ún parí. Omi ìkòkò ti lọ ju ìdajì.

Ibẹ̀ ló dúró sí. Ó lóṣòó, ó sì gbé òkúta sílẹ̀.

Gbogbo ìlú bú sẹ́kún. "Ó ti rẹ̀ ẹ́!" "Ó ti tán!" "Àwẹ̀ró, má dúró, sáré!" Ariwo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ àpáta. Ẹnu èmi náà ti là láti pariwo. Mo rántí iyanrìn tí mo bù. Mo fi eyín tẹ ahọ́n mi títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ó mí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mo kà á. Omi ń kán. Ó tún lóṣòó, ó gbé òkúta, ó sì fi àádọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ tó kù sáré bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé. Nígbà tó sọ òkúta kalẹ̀ ní téńté, mo wo ìkòkò. Ìkán omi ṣì ń bọ̀. Mo ka mẹ́rin kó tó gbẹ.

Olómi-Kì-Í-Rẹ́rìn-ín wo àbúrò mi láti òkè dé ilẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, orúkọ rẹ̀ kò gbà á. Ó ní, "O ṣe é." Ó wá yíjú sí ìlú: "Ẹ̀gẹ́ yín o!" Àfi gbùúù lábẹ́ àpáta, omi ti jáde. Àwọn ènìyàn ń ṣubú lé ara wọn, wọ́n ń fi ẹnu mu ún, wọ́n ń dà á sórí ara wọn.

Àwẹ̀ró kò bá wọn jó. Ó bu omi igbá kan, ó gbé e lọ sílé, mo sì tẹ̀ lé e. Ọ̀jẹ́lékè wà lórí ẹní níbi tí a fi í sí. Ó gba igbá, ó mu ún dé ìdí, ó wá bo ojú rẹ̀.

Àwẹ̀ró jókòó tì í. Ó ní, "Bàbá Àsàbí," nítorí Àsàbí lorúkọ ọmọ wọn, "ìṣísẹ̀ mélòó ló wà láti orí ẹní yìí dé ẹnu ọ̀nà?"

Ọ̀jẹ́lékè ní, "Mẹ́wàá. Kí lo fẹ́ fi ṣe? N kò lè rìn ín."

"Ta ló ní kí ẹ rìn mẹ́wàá? Mẹ́ta la fẹ́ rìn."

Ó wò mí, ojú ń tì í. Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo ń wo ìta, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́. Mo gbọ́ bí ẹní ṣe dún. Mo gbọ́ tó kérora, tó mí kanlẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ kan, tó pẹ́ kí èkejì tó tẹ̀ lé e, tó tún pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ̀kẹta tó dé. Ọ̀jẹ́lékè wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ó ní, "Fi mí sílẹ̀, mo lè rin ẹ̀kẹrin! Mo lè dé ẹnu ọ̀nà!"

Àwẹ̀ró ní, "Mo mọ̀ pé ẹ lè dé ibẹ̀. Ẹ jókòó. Ó di ọ̀la."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí mo bá wọn dé nìyẹn. Kí ara yín má kọ̀ yín lọ́jọ́ tí ẹ bá pè é.